Ẹ má ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn wò

Bàbá ọmọ mẹ́ta kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, ọmọ mẹ́ta sì ni Ọlọ́run fún mi: obìnrin ọmọ ọdún 7, ọkùnrin ọmọ ọdún 11 tí kì í fẹ́ fojú kan ìwé, àti obìnrin ọmọ ọdún 15 tó ti ka gbogbo ìwé ilé tán, tó tún ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá wọn ló máa ń bá wọn wá ìwé. Ó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Èmi ò mọ̀ ju ìwé tí ilé ìwé bá kọ sínú lísìtì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ìwé ìtàn àìpẹ́ yìí fún mi, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ti ń pariwo rẹ̀, èyí tí ọmọ á mú tí kò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ṣé ti Yorùbá wà níbẹ̀? Owó ọwọ́ mi ò lè ra ju mẹ́rin lọ."

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú ọ̀ràn ènìyàn. Olúwa á bá yín wo àwọn tó fi sílẹ̀. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá wọn, torí ó kan irú ìwé tí ẹ máa rà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹ kò fi tíì gbọ́ nípa àwọn ìwé tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ fún yín yìí.

Ọdún 21 rèé tí mo ti ń ta ìwé ọmọdé n'Íbàdàn. Bí òbí bá wọlé, kó tó ṣe nǹkan ni mo ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Á mú ìwé kan, á wo àwòrán iwájú rẹ̀, á yí i padà, á sì lọ tààrà sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìbéèrè ló ń wá. "Ta ni ọ̀rẹ́ Bísí? Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí?" Bí ìbéèrè bá wà níbẹ̀, á bi mí pé èló ni. Bí kò bá sí, á rọra dá ìwé náà padà sórí pẹpẹ, àfi bí ẹni pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ parí. Ilé ìwé kan gba ẹ̀dà 30 lọ́wọ́ mi nígbà kan, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ìwé náà ò bàjẹ́, ojú ewé kankan ò já. Olùkọ́ ló ní òun ò rí ibi tí òun á ti yọ iṣẹ́ àmúrelé nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bo ìwé dáadáa mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Wọ́n ń kọ wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n. Àwa la ti sọ ìwé ìtàn di ọmọ ìyá ìwé ìdánwò, èyí tí kò bá sì jọ ìwé ìdánwò, ojú wa kì í rí i. Ìyá bàbá mi tó ń pàlọ́ fún wa n'Ísẹ́yìn kò bi wá ní ìbéèrè kankan rí. Bí wọ́n bá ti lu Ìjàpá tán, tí a ti gbe orin náà dé òpin, Màmá á pa fìtílà, ó di ọ̀la. Àwa la máa ń sùn sórí ẹní, tí a máa ń bá ara wa jiyàn nínú òkùnkùn bóyá Yánníbo mọ̀ sí olè tí ọkọ rẹ̀ jà tàbí kò mọ̀ sí i. Inú iyàn yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Ká ní wọ́n sọ ìdáhùn fún wa ni, à bá ti sùn lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ṣa àwọn ìwé yìí: ọmọ inú ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣe nǹkan, kó má jẹ́ ẹni tí àgbà kàn ń bá wí láti òkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn. Too Small Tola ni kí ẹ rà fún un. Atinuke ló kọ ọ́, ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn tó fi Wales ṣe ilé báyìí, Onyinye Iwu ló sì ya àwòrán inú rẹ̀. Ọdún 2020 ló jáde. Èkó ni Tola ń gbé, òun àti ìyá àgbà tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, pẹ̀lú Moji ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí orí rẹ̀ pé sí ìwé, àti Dapo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Tola ló kéré jù, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Ìtàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tola ru agbọ̀n ọjà délé, ó sì ka ṣéńjì ìyá àgbà pé. Ẹ̀rọ omi ilé wọn bàjẹ́, òun ló lọ fa omi kànga. Nínú èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ní láti wọn àwọn oníbàárà Ọ̀gbẹ́ni Abdul tó jẹ́ télọ̀, Tola tí wọ́n ń fojú kékeré wò yìí nìkan ló sì lè ṣe é.

Ọmọbìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ka ibi ti télọ̀ yẹn tán, ó dìde, ó bi mí bóyá mo ní tépù. Mi ò ní tépù, rúlà onígi ni mo ní. Ó gbà á. Ó fi wọn apá mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó ń fi àtàǹpàkò sàmì síbi tí rúlà bá parí sí kó tó sún un síwájú. Ó wọn ìyá rẹ̀, ó wọn ọmọkùnrin tó ń bá mi kó ìwé, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì: "Màmá oníwèé, 22." Ìyá rẹ̀ ti mú ìwé oníbèéèrè méjì dání tẹ́lẹ̀. Ó dá ọ̀kan padà, ó ra Tola.

Bí ọmọ náà bá fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ìwé Tola mìíràn wà. Nínú Too Small Tola Gets Tough, àkókò kòrónà dé, wọ́n ti ìlú pa, Tola sì di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé olówó. Òǹkọ̀wé yìí kan náà ló kọ Catch That Chicken! (2020), tó jẹ́ ìwé alàwòrán ńlá, nípa Lami tó mọ adìyẹ mú ju gbogbo ọmọ agbo ilé wọn lọ, títí ẹsẹ̀ fi rọ́ ọ tó wá ní láti fi ọgbọ́n ṣe ohun tó ń fi eré ṣe. Ìyẹn kéré díẹ̀ fún ọmọ ọdún 7 tó ti mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n bí ọmọ àbúrò yín kan bá wà tó jẹ́ ọdún 4, ẹ fi sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yín ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ ní kì í fẹ́ fojú kan ìwé. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu òbí tó pọ̀, mi ò sì tíì rí ọmọ tó jẹ́ òótọ́ fún. Ìwé tí wọ́n ń fún un ló sú u. Ọmọ ọdún 11 tí wọ́n bá fún ní ìwé 300 ojú ewé tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà á tán, ìtìjú ni wọ́n fún un. Ẹ fún un ní The No. 1 Car Spotter, iṣẹ́ Atinuke náà ni. Ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ti àìpẹ́ yìí gan-an, 2010 ló jáde, ṣùgbọ́n nínú ogún òbí tí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún, bóyá la fi ń rí ọ̀kan tó gbọ́ ọ rí.

Oluwalase Babatunde Benson ni orúkọ ọmọ inú rẹ̀, No. 1 ni gbogbo abúlé ń pè é. Títì kan gba ẹ̀gbẹ́ abúlé wọn kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa dá ọkọ̀ mọ̀. Kí ọkọ̀ tó yọ, ìró ẹ́ńjìnnì ti sọ irú rẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń kó irè oko lọ sọ́jà bàjẹ́, gbogbo àgbà káwọ́ lérí, No. 1 ló wá rántí Toyota Corolla kan tó ti kú sínú abúlé. Wọ́n so màlúù mọ́ ọn, ó di ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cow-rolla. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wáyà tí wọ́n yọ nílé kan tan iná ilé mìíràn, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí yín níbi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìtàn inú rẹ̀ kúrú, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àwòrán wà káàkiri, ọmọ á sì lè sọ lálẹ́ kan pé òun parí ìtàn kan. Fún ọmọ tí ìwé ń bà lẹ́rù, kò sí ohun tó dùn tó kó parí nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti múlẹ̀, ẹ wá Ikenga tí Nnedi Okorafor kọ ní 2020. Gbogbo èèyàn mọ òǹkọ̀wé yìí nítorí Akata Witch, Ikenga wá dúró sábẹ́ òjìji ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni Nnamdi, ọ̀gá ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, wọ́n pa bàbá náà, ọmọ yìí sì pinnu pé òun á gbẹ̀san. Ère ikenga tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fún un ní agbára tó ju ara rẹ̀ lọ, ìbínú ni agbára náà sì ń bá rìn. Ìtàn ilẹ̀ Ìgbò ni, ọmọ Òṣogbo á rí ohun tó yàtọ̀ sí tiwa níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Onyeka and the Academy of the Sun (2022), ti Tọlá Okogwu, wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ alágbára inú fíìmù. Ìyẹn ti ń lókìkí díẹ̀díẹ̀, ẹ ò nílò mi láti rí i.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí ẹ kò béèrè ṣùgbọ́n tí ẹ mẹ́nu bà.

Àwọn ọmọ tí òbí wọn kú máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ti ṣàkíyèsí pé àgbà tó bá tẹ̀ lé wọn wá kì í fẹ́ kí ìwé tó mẹ́nu ba ikú dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀, àánú ni. Ṣùgbọ́n nílé tí gbogbo èèyàn ti panu mọ́ lórí orúkọ ìyá, ọmọ á rò pé òun nìkan ló ṣì ń ronú nípa rẹ̀. Ìwé méjì ni mo ní fún yín.

Àkọ́kọ́ ni Boom Boom tí Jude Idada kọ. Òun ló gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Literature ní 2019, ẹ̀bùn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, síbẹ̀ mo lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró kí ẹnì kan tó béèrè rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde ni ìtàn náà dá lé, bí àìsàn náà ṣe ń wọ inú ẹbí kan, tí ń da ilé rú, tó sì tún ń so àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀. Òǹkọ̀wé náà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìrora mọ́lẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ ò sọ ohun tó mú ìyá wọn lọ, mi ò sì ní béèrè. Bó bá jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà fúnra yín lálẹ́ méjì mẹ́ta kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹkún wà.

Èkejì ni Sadé and Her Shadow Beasts, ti Rachel Faturoti, tó jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 2022. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń tọ́ lọ́hùn-ún ni Sadé, ìyá rẹ̀ ti kú, ìlú àròsọ kan tó máa ń sá lọ nínú ọkàn rẹ̀ sì ti kún fún àwọn ẹranko òjìji. Ọmọ ọdún 10 sí 13 ló bá mu. Ó ṣòro láti rí níbí ju Boom Boom lọ. Ìwé wọ̀nyí ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York wá, owó ọkọ̀ àti owó dọ́là á gun orí iye wọn, olùtajà tí kò bá dá a lójú pé á tà kò ní í kó o wá. Lọ́hùn-ún gan-an, kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí CLPE, àjọ tó ń rí sí ìwé kíkà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ka ìwé ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2017, nínú 9,115, ìwé 391 péré ni ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun wà nínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 4 nínú 100.

Ẹ má gbé ìwé ọ̀fọ̀ fún ọmọ bí ẹni ń gbé àgbo fún un. Mo rí abiyamọ kan tó sọ fún ọmọ tó ń tọ́ pé, "Gbà, ka èyí, á tù ẹ́ nínú." Ọmọ náà gbà á, ó dúpẹ́, kò sì ṣí i. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí, láàárín àwọn ìwé yòókù, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Èyí tó bá ti tó àkókò fún nínú wọn á mú un.

Ọmọ ọdún 15 yẹn, inú mi dùn sí i. Ẹni tó ń ka ìwé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé kò sí òmíràn, ebi ń pa á gidi ni. Gbogbo ayé á sọ pé kí ẹ ra Children of Blood and Bone. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n fi èyí tí wọ́n ń pariwo sílẹ̀, nítorí náà Skin of the Sea ni màá dárúkọ, ti Natasha Bowen, 2021. Simidele ni ọmọbìnrin inú rẹ̀, Mami Wata ni, Yemọja ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba ọkàn àwọn tí wọ́n jù sómi láti inú ọkọ̀ ẹrú, kó lè bá wọn darí ọkàn náà sílé. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n jù sómi ò tíì kú. Ó gbà á là, ó sì ti rú òfin.

Mo ka ìwé yìí lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọn ò mú iná wá, lórí tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo sì dúró níbi tí wọ́n ti darúkọ àwọn òkú náà. Òwò ẹrú tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa nílé ìwé, ọdún àti orúkọ àwọn òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Níhìn-ín, èèyàn kan ni, ó lórúkọ, èdè tiwa sì ni wọ́n fi ń dágbére fún un. Ọmọ Òṣogbo tó ti ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun láti kékeré á bi yín pé, ṣebí ti odò ni Yemọja, kí ló gbé e dé òkun? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Odò Ògùn ni ti Yemọja lọ́dọ̀ wa, Olókun ló ni òkun. Àwọn tí wọ́n kó gba orí omi lọ ló gbé e dé òkun, bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́ létí òkun ní Brazil títí dòní. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá a rí.

Raybearer tí Jordan Ifueko kọ ní 2020 náà dára púpọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ tilẹ̀ lè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ayé àròsọ ni, ṣùgbọ́n Oluwan ni orúkọ olú ìlú, Ekundayo sì ni ọmọ ọba. Ohun tó jẹ́ kí n má fi ṣáájú fún yín nìyí: ìyá ọmọbìnrin inú rẹ̀ ló rán an pé kó lọ pa ọmọ ọba náà, ìfẹ́ ìyá tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sì ni egbò tó wà nínú ìwé náà látòkè délẹ̀. Fún ọmọ tó ń ṣàárò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ó lè wúwo. Ẹ fi dúró de ọdún tó ń bọ̀. Blood Scion (2022) ti Deborah Falaye dá lórí ọmọ àtìrandíran òrìṣà tí wọ́n fipá mú wọṣẹ́ ológun. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mi ò ní tà á fún ẹni tí kò tíì pé 16, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ló máa wọlé fún mi.

Ẹ béèrè ti Yorùbá. Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń dùn mí. Ìwé ìtàn tuntun fún ọmọdé lédè wa kò pọ̀, èyí tó sì wà, ìwé kíláàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣófo. Ìgbà Èwe jáde ní 2021, ewì Emily Grosholz ni, Kọ́lá Túbọ̀sún ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ewì nípa ọmọ àti ìgbà ọmọdé ni, ó rọrùn láti kà sókè, ó sì ní àmì ohùn lórí bó ṣe yẹ. Ọmọ ọdún 15 yín lè ka kan fún àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Bí òun náà bá fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ bá a wá Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ. Ti 1976 ni, kò bá ìbéèrè yín mu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì kà á, tuntun ni fún un.

Èyí tí kò ní gba owó lọ́wọ́ yín rárá ni African Storybook. Àjọ Saide ní South Africa ló ń ṣe é, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ìtàn ọmọdé wà níbẹ̀ ní èdè Áfíríkà tó pọ̀, Yorùbá wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gbé e sórí fóònù, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ẹni tó máa mú yín. Wọ́n tò ó ní ipele, láti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lójú ewé kan títí dé ìpínrọ̀ gígùn. Mo máa ń tẹ àwọn kan sórí bébà A4, màá ká a sí méjì, màá gán an láàárín, màá fún ọmọ ní kérèyọ́ọ̀nù kó fi kun àwòrán iwájú. Kò sí ohun tí ọmọ ọdún 7 máa tọ́jú tó ìwé tó bá yín gán pọ̀. Yorùbá inú àwọn kan nínú wọn kò yọ̀ dáadáa, ẹ máa rí àmì tó já tàbí ọ̀rọ̀ tó jọ pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yí i. Ẹ fi bírò ṣàtúnṣe rẹ̀ níwájú ọmọ náà. Iṣẹ́ ni ìyẹn pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ti wá fẹ́ máa dá wá ìwé fúnra yín lẹ́yìn èyí, ọ̀nà kan wà tí mo ń gbà. Ẹ̀bùn Nigeria Prize for Literature tí mo dárúkọ yẹn, ẹ̀ka mẹ́rin ló ń yí káàkiri, ìwé ọmọdé jẹ́ ọ̀kan. Ó ti kàn án ní 2007, 2011, 2015, 2019 àti 2024. Ní 2015, wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ní 2024, The Road Does Not End ti Olubunmi Familoni ló gbà á. Àwọn ìwé ìròyìn á gbé orúkọ ẹni tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Ẹ má wo ẹni tó gbà á nìkan, ẹ wo àwọn tó kù sí ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn. Mystery at Ebenezer's Lodge ti Dunni Olatunde dé ìpele tó kẹ́yìn ní 2019, Wish Maker ti Uchechukwu Peter Umezurike dé ibẹ̀ ní 2024. Ìwé tí àwọn onídàájọ́ kà títí dé òpin, tó sì ṣẹ́ kù mẹ́ta nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó wá, kì í ṣe ìwé lásán. Orí pẹpẹ mi ni wọ́n wà, eruku ń bá wọn gbé.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn ìwé tí mo dárúkọ fún ọmọ ọdún 15 yẹn, àwọn kan ń tẹ̀ wọ́n sábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n ní ẹ̀bá títì ní ìdá mẹ́ta owó rẹ̀. Mo ra ọ̀kan rí láìmọ̀, mo sì fi ta oníbàárà mi. Ọmọ náà kàn dé ojú ewé 208, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 225. Odindi ìdì kan, ojú ewé 16, kò sí níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni aṣírí ìtàn náà ti tú. Ó gbé ìwé náà padà wá fún mi, ó ń sunkún. Mo san owó rẹ̀ padà, mo tún fún un ní ojúlówó, ṣùgbọ́n ó ní òun ti mọ̀ báyìí pé wọ́n pa á, torí ó ti ka iwájú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò ṣí ìwé náà wàrà-wàrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ máa wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ẹ wo bébà rẹ̀ pẹ̀lú: bí lẹ́tà ẹ̀yìn bá ń yọ síwájú, tí ẹ̀yìn ìwé sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya ilà nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ fi sílẹ̀.

Mẹ́rin lẹ ní owó yín lè rà. Too Small Tola, The No. 1 Car Spotter, Boom Boom, Skin of the Sea. Bí owó bá ṣẹ́ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra méjì àkọ́kọ́ àti Skin of the Sea. Boom Boom lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà á sì ti ráyè mí. Kí ẹ̀gbọ́n máa ka Tola fún àbúrò. Bó bá dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣòro, kó pa á dà sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Ìtàn Èkó ni, ó mọ ọ̀nà ilé. Kí ọmọkùnrin náà jókòó nítòsí, ẹ má ní kó wá gbọ́.

Kí ẹ sì ra tépù télọ̀ kan mọ́ ọn. Àbíkẹ́yìn yín á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín kó tó parí ìtàn kẹta.